Iyọ̀ Ò Ta Mí Lẹ́nu

Ìwọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ikọ́ ife ló ń ṣe ọ́, tó o fọwọ́ lẹ́rán síbi tó o jókòó sí, tó ò ń ro ẹni tó máa bá ọ tọ́ ọmọ, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Jọ̀ọ́, farabalẹ̀. Èmi náà ti jókòó síbẹ̀ rí. Bẹ́ǹṣì tí mo jókòó lé lọ́jọ́ náà kò dúró dáadáa, bí ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì bá dìde, ó máa ń fẹ́ dà mí nù. Mo jókòó síbẹ̀, mo sì sọ lọ́kàn mi pé ó ti tán. Kò tán o. Bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, iyán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán, ọwọ́ mi ṣì ń ta sánsán ọbẹ̀ ẹ̀fọ́.

Múfútáù ni orúkọ tí wọ́n sọ mí. Àmọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ nígbà náà, bó o bá dé Ẹnuwá tó o ní Múfútáù lò ń wá, wọ́n á bi ọ́ pé Múfútáù wo? Bó o bá ní Gbámú, kódà ọlọ́kadà ò ní béèrè àdírẹ́sì kó tó gbé ọ wá. Ìjà ni mò ń jà jẹun. Kì í ṣe ìjà ìgboro o, má fi mí pe ọmọ ìta.

Láti kékeré ni mo ti ń ja ìjàkadì. Nílé ìwé girama, mo kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Lẹ́yìn náà ni mo pàdé Kóòṣì. Kóòṣì ti ṣe ṣọ́jà rí, ibẹ̀ ló ti kọ́ júdò. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó gba ilẹ̀ kékeré kan lẹ́yìn sọ́míìlì lójú ọ̀nà Ìpetumodù, ó kó àwa ọ̀dọ́ jọ. A rán àpò kòkó pọ̀, a ki lẹ́búlẹ́bú igi tó ń jáde nínú ẹ̀rọ sọ́míìlì sí i, a tẹ́ tapólì lé e lórí, orí ẹ̀ la ti ń gbé ara wa ṣánlẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́.

Ìjà tí à ń jà yìí, àwọn tó ń ṣètò ẹ̀ láti Ìbàdàn ò tíì rí orúkọ gidi fún un. Àwa ń pè é ní gbogbo-ẹ̀-ló-lọ. O lè kan ẹ̀ṣẹ́, o lè ta èèyàn nípàá, o lè gbé e ṣubú, o lè dì í mọ́lẹ̀ kó o lọ́ ọ lápá. Ẹni tó bá ti sú, yóò fi ọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé òun ti gbà, ẹnìkejì gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òfin tó tóbi jù nínú ìjà náà nìyẹn. Èmi ò lu ilẹ̀ rí. Mo máa ń fi yangàn gan-an ni. Bí mo bá ti rí èèyàn dì mọ́ láyà báyìí, ó parí, torí ẹ̀ ni wọ́n fi sọ mí ní Gbámú. Bẹ́líìtì àwọn tó fúyẹ́ wà lọ́wọ́ mi. Awọ ni, oníbàtà kan ló rán an, ó fi páànù dídán sí i láàárín. Mo fi í kọ́ sára ògiri pálọ̀ wa, Rọ́nkẹ́ ìyàwó mi á sì máa fi aṣọ nù ún láràárọ̀.

Ohun tó máa ń fìyà jẹ mí nínú iṣẹ́ yẹn ni kílò. Ẹni tó bá ti kọjá kílò àádọ́rin ò gbọdọ̀ jà láàárín àwa tó fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ara tèmi fẹ́ràn oúnjẹ. Bí ìjà bá ti ń sún mọ́lé, mi ò ní jẹun, mi ò ní mumi, màá wọ ọ̀rá sábẹ́ aṣọ òtútù, màá sáré dé Ìpetumodù, màá sáré padà, kí gbogbo omi ara mi lè gbẹ. Òṣùwọ̀n tiwa, ti Bàbá Oníkòkó ni. Bàbá yìí máa ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́míìlì. Láàárọ̀ Sátidé, kí kòkó tó dé, Kóòṣì á kó wa lọ síbẹ̀, a ó bọ́ aṣọ ku pátá, a ó máa gun òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá á máa pariwo iye wa bí ẹni tó fẹ́ rà wá. Bí ẹnì kan bá wúwo jù, Bàbá á ní, “Èyí ṣì tutù! Ẹ lọ sá a sí i!” A ó sì rẹ́rìn-ín títí.

Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí wọ́n fagi lé ìbò ààrẹ ni kílò bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lára mi fúnra ẹ̀. Gbọ́ ibí yìí dáadáa, torí ibẹ̀ gan-an ni àìsàn náà ti rí wa mú. Ẹlòmíì, bó bá ń rù, ẹ̀rù á bà á. Àwa, inú wa dùn! Mò ń jẹun, mi ò sáré dé ibì kankan, síbẹ̀ bí mo bá gun òṣùwọ̀n, mo ti tún fúyẹ́ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Kóòṣì gbá mi lẹ́yìn, ó ní, “Ara ẹ ti wá mọṣẹ́ báyìí, Gbámú!” Bàbá Oníkòkó pariwo pé, “Èyí ti gbẹ! Èyí ti gbẹ kanlẹ̀!” Èmi náà nawọ́ sókè lórí òṣùwọ̀n kòkó, mò ń fò, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba bẹ́líìtì.

Ikọ́ dé. A ní lẹ́búlẹ́bú igi ni, torí gbogbo wa la máa ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn lójú oorun débi pé Rọ́nkẹ́ á fún aṣọ ìbora bí ẹní ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́, mo ní ara eléré ìdárayá ni, ó máa ń gbóná. Ó ń rẹ̀ mí, mo ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Nírọ̀lẹ́ ara mi á máa gbóná, mo ní ibà ni, mo ra oògùn lọ́dọ̀ kẹ́místì. Kò sí àmì kan tí àìsàn yẹn fi hàn mí tí mi ò ní orúkọ tí mo fún un.

Rọ́nkẹ́ lóyún nígbà náà, oyún àkọ́kọ́ wa. Aránṣọ ni, ó ń ránṣọ ní iwájú ilé wa. Lọ́jọ́ kan ó mú ṣòkòtò péńpé tí mo fi ń jà dání, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu ẹ̀.

Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Múfú, mo tún ti dín ṣòkòtò yín kù o.”

Mo ní, “Kú iṣẹ́, aya mi.”

“Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè kí mi. Èmi ń tú aṣọ tèmi kó lè gba oyún, ẹ̀yin ń dín tiyín kù. Àbí mò ń bá yín jẹ tiyín ni?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn di ikọ́, ikọ́ náà ò sì tètè lọ. Ó wò mí títí, ó padà sídìí ẹ̀rọ.

Ìjà tó kàn, ní Ifẹ̀ níbí ni, nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan. Wàsíù, ọmọ Ìpetumodù, ló fẹ́ gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ oko wà lára Wàsíù, apá ẹ̀ le, kò sì mọ̀ pé èèyàn ń bẹ̀rù. Ìlú kún. Ní ráùńdì kìíní, mo ti mọ̀ pé nǹkan kan ò dáa: èémí mi ò dé ìsàlẹ̀. Ní ráùńdì kejì ó gbé mi ṣánlẹ̀, ó fẹ́ lọ́ mi lápá, mo yọ́ bọ́, mo yí sẹ́yìn ẹ̀, mo dì í mọ́ láyà gbámú. Mo gbé ẹnu lé ọrùn ẹ̀, mò ń wúkọ́, mi ò sì tú u sílẹ̀. Ó lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo gbọ̀ngàn pariwo “Gbámú! Gbámú!”

Kóòṣì fi táwẹ́lì funfun nù mí lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀. Kò yà á lẹ́nu, kò ya èmi náà lẹ́nu. Ìjà ni, ẹ̀ṣẹ́ bà mí lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jáde. Mo gbé bẹ́líìtì sí èjìká, wọ́n gbé mi lọ sílé.

Bí mo bá jà dé, Rọ́nkẹ́ máa ń po omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún mi kí n fi fọ ẹnu. Ìyẹn ni mo kórìíra jù, torí bí iyọ̀ bá kan ibi tí ẹ̀ṣẹ́ ti bẹ́ mi lẹ́nu, ó máa ń ta mí débi tí màá máa fẹsẹ̀ janlẹ̀, òun á sì máa fi mí rẹ́rìn-ín pé ṣámpíọ̀nì ń sunkún iyọ̀. Lọ́jọ́ náà mo gba ife, mo fọ ẹnu, mo tu ú sínú abọ́. Omi náà pọ́n. Mo tún fọ̀ ọ́, ó tún pọ́n.

Rọ́nkẹ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kò ta yín?”

“Kò ta mí.”

“Ẹ tún un fọ̀.”

Mo tún un fọ̀. Kò ta mí. Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí n ya ẹnu. Ó wo abẹ́ ahọ́n mi, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì, ó fi ìka kan gbogbo èrìgì mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí ojú ọgbẹ́ kankan. Ó pa tọ́ọ̀ṣì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti oyún nínú, ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ yìí ò ti ẹnu wá.”

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Màámi ti gbọ́. Ìyá mi fẹ́ràn mi, àmọ́ bí Màámi bá gbọ́ pé mo ṣubú, wọ́n ti máa ń mọ ẹni tó tì mí. Wọ́n ní, “Àjàní, wọ́n ti ṣe ọ́. Ọmọ tó o nà yẹn, ta ló mọ ohun tí bàbá ẹ̀ ní nílé?” Wọ́n gbé ìkòkò àgbo dé. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n tún gba hàǹtú wá lọ́dọ̀ Àfáà, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lára wàláà. Àwọn ẹ̀gbọ́n Rọ́nkẹ́, oníṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, wọ́n ní orí òkè àdúrà ni kí wọ́n gbé mi lọ. Ẹlòmíì ní ká má dé ọsibítù láéláé, pé bí wọ́n bá ti gbọ́ irú ikọ́ yẹn, wọ́n á tì mí mọ́lé, òkú mi ni wọ́n máa gbé fún ẹbí.

Ibi tí mo ti mọ̀ pé mo níyàwó nìyí. Rọ́nkẹ́ ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó bu àgbo, ó kúnlẹ̀ fún Màámi, ó ní, “Ẹ ṣé, mà. Wọ́n á mu ún.” Ó bu hàǹtú, ó ní, “Wọ́n á mu èyí náà, mà. Lọ́la, a ó jọ lọ sí ọsibítù.” Ìwọ náà, bí àwọn ẹbí bá gbé nǹkan wá, má bá wọn jà, ìfẹ́ ni. Sọ fún dókítà ohun tó o mu. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ohunkóhun fi ọsibítù di ọ̀la lẹ́ẹ̀kejì.

Ọsibítù! Ìlà gba káàdì, ìlà rí nọ́ọ̀sì, ìlà yíya fọ́tò àyà, kó o tún wá padà wá fún ìlà ibi tí wọ́n ti ń gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Wọ́n fún mi ní ike kékeré pé kí n wú u jáde láti ìsàlẹ̀ àyà ní àárọ̀ kùtù. A ta tẹlifíṣọ̀n wa kí gbogbo ẹ̀ tó parí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọjọ́ tí mo fẹ́ gba èsì, mo fi fìlà bojú, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Ibẹ̀ ni dẹ́rẹ́bà kan ti rí mi. Ó kígbe láti òkèèrè pé, “Gbámú! Ta lo tún wá nà níbí?” Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Mo ní èèyàn ni mo wá kí.

Dókítà tó rí mi, obìnrin ni, ọjọ́ orí ẹ̀ ò ju tèmi lọ. Ó sọ ọ́ láìyí i sọ́tùn-ún sósì. Ó ní ikọ́ ife ni, pé ó ti ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró mi lápá òkè. Ó ní ó ní oògùn, oṣù mẹ́jọ, ojoojúmọ́, pé mi ò gbọdọ̀ fò ó. Ó wá bi mí pé ta ni mo máa ń sún mọ́ gan-an.

Mo ní, “Dókítà, iṣẹ́ mi ni kí n sún mọ́ èèyàn.”

Ó rẹ́rìn-ín, kó tó wá rí ojú mi. Omi ti ń bọ́ lójú mi. Mò ń rántí ọrùn Wàsíù.

Gbogbo ẹni tó bá mi jà, gbogbo ẹni tó bá mi yí lórí àpò kòkó, Rọ́nkẹ́ àti Kóòṣì, gbogbo wọn ló lọ ṣe àyẹ̀wò. Alihamudulílàhi, kò sí ẹni tó mú. Àmọ́ ẹ̀rù mú wọn. Kóòṣì tó máa ń fi apá kan gbé mi nílẹ̀, ojú fèrèsé ló ti ń kí mi. Wọ́n kó àpò kòkó wa síta, wọ́n sá gbogbo ẹ̀ sínú oòrùn. Wàsíù nìkan ló wá sílé. Ó gbé iṣu wá láti Ìpetumodù, ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn níta, èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, “Wàsíù, ṣé o ò bẹ̀rù ni?”

Ó ní, “Mo bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n. Ìyẹn ni mo ṣe jókòó síta.” Ó ní kí n yáa gbádùn o, pé òun ò lè gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ òkú. A jọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣe mí lóore ju àgbo lọ.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ ni lójoojúmọ́ pẹ̀lú oògùn oníhóró. Sísítà tó ń gún wa, ìyá àgbàlagbà kan ni, ẹnu wọn mú. Bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á ní, “Ṣámpíọ̀nì, ó yá, bọ́ ṣòkòtò!” Èmi tí mo ti gba ẹ̀ṣẹ́ káàkiri, mo máa ń di orí tábìlì mú kí abẹ́rẹ́ tó kàn mí. Ọjọ́ tí ìtọ̀ mi kọ́kọ́ pọ́n, mo sáré padà lọ bá wọn pé kíndìnrín mi ti bàjẹ́. Wọ́n ní àwọ̀ oògùn ni, ṣé mi ò gbọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún mi ni? Mo gbọ́, ẹ̀rù ni ò jẹ́ kó wọlé. Bí tìẹ bá pọ́n, má sáré.

Àárín ìgbà yẹn ni Rọ́nkẹ́ bímọ, obìnrin. A sọ ọ́ ní Simiátù, Màámi ń kì í ní Àríkẹ́. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, mo dúró níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mo fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, mo gbọ́ nígbà tí Àfáà pe orúkọ sí i létí. Mi ò rí ju fìlà orí ọmọ náà lọ. Lẹ́yìn náà Màámi kó ìyá àti ọmọ lọ sí ilé wọn. Nígbà tí wọ́n tún yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi wò, tí wọn ò rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, Sísítà ní mo ti lè gbé ọmọ mi. Mo sáré lọ sọ́dọ̀ Màámi. Wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Wọ́n ní, “Àjàní, ikọ́ yìí ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ó ti san, a gbà, ó gbé ọmọ, ó jẹun pẹ̀lú wa. Ó tún padà. Mi ò bá dókítà jiyàn, àmọ́ títí oògùn yẹn á fi tán pátá, o ò ní gbé Àríkẹ́.”

Mo lè ti Màámi kúrò lọ́nà pẹ̀lú ìka kan. Ojú wọn ni mo wò, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n. Mo dọ̀bálẹ̀, mo padà sílé. Láti ìgbà náà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Rọ́nkẹ́ máa ń gbé oúnjẹ wá fún mi, ọmọ á wà lẹ́yìn ẹ̀, èmi á máa wò ó láti orí àga mi. Ọmọ yìí ń dàgbà, ó ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ bó ṣe wúwo tó.

Oògùn náà ṣiṣẹ́. Èémí mi dé ìsàlẹ̀. Ebi wá ń pa mí ṣáá. Mo sanra, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún, mo kọjá kílò àádọ́rin láìwẹ̀yìn. Ìgbà náà gan-an ni Kóòṣì wọlé wá, ó jókòó nítòsí mi fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní àwọn ará Ìbàdàn tó ń ṣètò ìjà ti dá ọjọ́. Bí mi ò bá wá jà, wọ́n á gba bẹ́líìtì, ẹlòmíì á jà fún un.

Mo ní, “Kóòṣì, ṣé ẹ rí bí mo ṣe sanra?”

Ó ní, “Oògùn yẹn ló ń ṣe ọ́ bẹ́ẹ̀. O ò wúkọ́ mọ́. Gbé e sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kó o gbẹ, kó o jà, kó o wá padà sídìí ẹ̀. Ta ló máa mọ̀?”

Kóòṣì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó mọ̀ pé bẹ́líìtì yẹn ni gbogbo ayé mi. Sísítà sì ti kìlọ̀ fún wa títí ẹnu fi gbẹ wọn, pé ara tó yá ni ẹ̀tàn ikọ́ ife, pé bí èèyàn bá fi oògùn sílẹ̀ lágbedeméjì, ikọ́ náà á padà wá, oògùn náà ò sì ní ràn án mọ́. Mo mọ gbogbo ẹ̀. Síbẹ̀ mo wo bẹ́líìtì lára ògiri, ọkàn mi fà sí i. Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ pé “ìgbà díẹ̀,” èmi náà kọ́ ló máa sọ ọ́ kẹ́yìn. Ara gbogbo ẹni tó bá mu oògùn yẹn ló máa ń sọ ọ́ fún un.

Nígbà tí Rọ́nkẹ́ gbé oúnjẹ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, oògùn àárọ̀ ṣì wà lórí tábìlì, èmi ń wò ó. Kò béèrè ìdí. Ó rí oògùn, ó rí bẹ́líìtì tí mo ti sọ̀ kalẹ̀ sórí àga, ó rí aṣọ òtútù àti ọ̀rá tí mo fi ń sáré. Ó gbé abọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Láti ìgbà tí a ti mọra, “ẹ̀yin” ni Rọ́nkẹ́ ń pè mí. Lọ́jọ́ náà, ó ní:

“Múfútáù. Ìwọ. Iyọ̀ ò ta ọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ yẹn. Èmi ni mo pò ó. Èmi ni mo tan tọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá bu iyọ̀ sọ́bẹ̀, omi pípọ́n yẹn ni mo máa ń rí. Bó o bá fẹ́ jà, lọ. Àmọ́ wá ẹlòmíì tó máa po omi iyọ̀ fún ọ, torí èmi ò lè pò ó mọ́.”

Ó bú sẹ́kún. Ọmọ yọrí lẹ́yìn ẹ̀, ó ń wò mí.

Mo ti bá àwọn ọkùnrin jà tí wọ́n lọ́ mi lápá títí egungun fi ń dún, mi ò lu ilẹ̀. Wọ́n ti fún mi lọ́rùn títí ojú mi fi ṣú, mi ò lu ilẹ̀. Lọ́jọ́ náà mo nawọ́ sórí tábìlì, mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Rọ́nkẹ́ ti wo gbogbo ìjà mi, ó mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ó fi ìborùn nu ojú, ó bu omi fún mi, ó dúró tì mí títí mo fi gbé oògùn náà mì.

Mo dá bẹ́líìtì padà fún Kóòṣì. Inú bí i, kò yà sílé wa fún ìgbà pípẹ́. Wàsíù jà fún un, ó gbà á. Ó gbé e wá hàn mí, lábẹ́ igi ọsàn, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi.

Ọjọ́ tí mo mu oògùn ìkẹyìn, tí dókítà ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, Màámi ò dúró kí n dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ti ń dúró dè mí nílé wa. Wọ́n tú Àríkẹ́ lẹ́yìn ara wọn, wọ́n ní, “Gbà á. Jọ̀ọ́, má bínú sí mi.” Bínú kẹ̀? Mo gbà á. Ọwọ́ mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń di ọmọ mú, mò ń bẹ̀rù kí n má fún un jù. Ó gbá mi létí, ó fà mí nírùngbọ̀n. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Oníkòkó lọ́jọ́ yẹn gan-an, a jọ gun òṣùwọ̀n, èmi àti òun. Bàbá wo iye náà, wọ́n wò mí, omi lé ròrò sí wọn lójú. Wọ́n pariwo pé, “Èyí tutù! Ó tutù kanlẹ̀! Ẹ má sá a mọ́ o!”

Bí mo ṣe wà nìyí: mi ò jà mọ́. Dókítà ní àpá wà lára ẹ̀dọ̀fóró mi, mi ò lè sáré dé Ìpetumodù mọ́, bí ọyẹ́ bá dé àyà mi máa ń wúwo. Mò ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ lẹ́yìn sọ́míìlì, Kóòṣì ti padà, àwa méjèèjì la jọ ń kọ́ wọn. Ẹni tó bá gun òṣùwọ̀n kòkó tí kílò ẹ̀ dín kù láìṣe wàhálà, a kì í pàtẹ́wọ́ fún un mọ́. Kóòṣì fúnra ẹ̀ ló máa ń mú un lọ gba ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ìwọ tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, dìde, lọ gba oògùn rẹ, mu ún lónìí, mu ún lọ́la, mu ún lọ́jọ́ tí ara rẹ bá yá gan-an.

Àríkẹ́ máa wọlé ìwé láìpẹ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, á sáré wá dì mọ́ mi láyà, á fún mi gbámú. Èmi á fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta pé mo ti gbà. Òun ò mọ òfin ìjà, kì í tú mi sílẹ̀.